Ẹnu ni kó ṣáájú ọwọ́: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Texas

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ìmáàmù wa ní Houston, Dallas, San Antonio àti Austin,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ìpàdé oṣooṣù, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àmójútó wa. Olùkọ́ ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí. Àwọn tó fẹ́ gba láísẹ́ńsì ìbọn ìléwọ́ ní ìpínlẹ̀ Texas la ń kọ́. A kò kọ ọ́ láti ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra ìbọn, a kò sì ní kí ẹni tó ti rà á lọ sọ ọ́ nù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: ìgbà tí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, tí ìbọn tí òfin fọwọ́ sí sì wà ní ìbàdí awakọ̀.

Títí di ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2021, ẹni tó bá fẹ́ fi ìbọn ìléwọ́ sára rìn nígboro Texas ní láti gba láísẹ́ńsì. Kó tó gbà á, yóò jókòó ní kíláàsì wákàtí 4 sí 6, yóò yin ọta 50 lójú olùkọ́, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti gbọ́ bí a ṣe ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé e láì ní láísẹ́ńsì. Láísẹ́ńsì ṣì wà, ó ṣì wúlò, kò kàn pọn dandan mọ́ ni. Ohun tó wá bọ́ sọnù ni kíláàsì yẹn. Ẹni tó ra ìbọn láàárọ̀ Sátidé lè fi sára lọ sóde ìgbéyàwó lálẹ́ ọjọ́ náà, kó má tíì sí ẹni tó sọ fún un ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ lé. Ti àwọn ọmọ wa tó ṣe girama níbí sàn díẹ̀: òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017 ní kí wọ́n máa kọ́ wọn ní ohun tí a ń ṣe bí ọlọ́pàá bá dáni dúró. Ẹni tó ti ní irùngbọ̀n kó tó dé ìlú yìí ni kò sẹ́ni tó kọ́. Ẹ̀yin lẹ sì ń rí irú wọn lóṣooṣù, àwa kì í rí wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àṣà ilé, torí òun ló ń pani lára jù. Nílé, bí ọlọ́pàá bá nawọ́ sí mọ́tò, ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe ni kó sọ̀ kalẹ̀, kó kí ọ̀gá kú iṣẹ́, kó sì ti na ọwọ́ sí pigeon hole láti kó pátíkúlà jáde kí wọ́n tó bèèrè. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, yóò wo ilẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n má baà ní ó ń wo àgbà lójú. Kò sí ọ̀kan tí kò léwu níbí nínú gbogbo wọn. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, lójú ọlọ́pàá ibí, ó fẹ́ sá tàbí ó fẹ́ jà. Ẹni tó na ọwọ́ sí pigeon hole kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ń wá ohun tí yóò fi bá wọn jà. Ẹni tó ń wo ilẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́. Owó tí àwọn kan ń ká sáàárín ìwé ńkọ́? Ẹ má dán an wò rárá. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fún ọlọ́pàá ní Texas, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 20 ni.

Ohun mìíràn tún wà. Nílé, ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí òfin ìbọn Nàìjíríà kà mọ́ ohun tí kò tọ́ sọ́wọ́ ará ìlú lásán. Ìbọn ọdẹ, ṣakabùlà, lèyí tí a mọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú wa ẹni tó ti rí i rí kí ará ìlú tó gbé ìbọn ìléwọ́ sí ìbàdí máa bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, kí oníkálukú sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. A kò rí àwòkọ́ṣe. A ní láti kọ́ ọ ni.

Kí ni òfin Texas wí? Ó kúrú, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń dàrú mọ́ni lójú. Abala 411.205 sọ pé bí ẹni tó ní láísẹ́ńsì ìbọn bá gbé ìbọn sára tàbí sí tòsí ara, tí ọlọ́pàá sì ní kó fi ìwé ìdánimọ̀ hàn, kó fi méjèèjì hàn pọ̀: láísẹ́ńsì ìwakọ̀ àti láísẹ́ńsì ìbọn. Lọ́dún 2009 ni ilé aṣòfin Texas yọ ìjìyà kúrò lórí ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ àṣẹ náà ṣì wà nínú ìwé. Ẹni tó ń gbé ìbọn láì ní láísẹ́ńsì lábẹ́ òfin 2021, kò sí òfin ìpínlẹ̀ tó ní kó dédé sọ fún ọlọ́pàá.

Ẹ tún ìlà yẹn kà. Òfin kò ní kí onílàísẹ́ńsì fẹnu sọ nǹkan kan. Káàdì ló ní kó fi hàn. Káàdì kò sì lè jáde láìjẹ́ pé ọwọ́ lọ sí àpò, àpò yìí sì ń bẹ ní ìbàdí, níbi tí ìbọn wà gan-an. Ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tí kò fi nǹkan kan kún un, ọwọ́ rẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni yóò rí ìdí ìbọn, káàdì ló máa gbẹ̀yìn. Ìdí rèé tí a fi ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí ẹnu ṣáájú ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò bèèrè ẹnu.

Ti ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì, àwa olùkọ́ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ iṣẹ́ wa ní kó dákẹ́, níwọ̀n bí òfin kò ti ní kó sọ̀rọ̀. Èrò tiwa nìyí: bí ìbọn bá wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú bọ́ọ̀tù, kò sídìí láti dárúkọ rẹ̀ nítorí pé o sáré jù ní ojú ọ̀nà. Bí ó bá wà lára, tàbí nítòsí ibi tí ọwọ́ yóò ti mú ìwé, tàbí níbi tí ojú ọlọ́pàá lè ṣèèṣì kàn án, kó sọ ọ́. Èyí tó wù kó jẹ́, bí wọ́n bá bi í, kó má purọ́. Ẹ sì rántí pé ìbọn kò gbọdọ̀ wà ní ìhòòhò lórí ìjókòó tàbí láàárín itan níbi tí ará ìta ti lè rí i. Tó bá máa hàn síta, inú akọ̀ rẹ̀ ni kó wà. Ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì tún ní láti mọ̀ pé òfin tó gbà á láàyè láti fi ìbọn sínú mọ́tò kò gbà á mọ́ bí ó bá ń ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó ju ti ìrìnnà kéékèèké lọ. Ẹni tó mu bíà yó lóde, tó wá wa mọ́tò tòun tìbọn, ẹjọ́ méjì ló kó lé ara rẹ̀ lórí.

Ìdajì iṣẹ́ náà ti parí kí mọ́tò tó kúrò nílé. Bí ìbọn bá wà ní ìbàdí ọ̀tún, kí wọ́lẹ́ẹ̀tì má ṣe wà ní àpò ẹ̀yìn ọ̀tún. Àpò òsì ló yẹ ẹ́. Àpò àyà sàn ju ìyẹn lọ. Kí láísẹ́ńsì méjèèjì wà ní ojú kan náà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, kí ìka méjì lè fà wọ́n yọ pọ̀. Ìwé ìnṣọ́ránsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú pigeon hole, ẹ fi há ara pátákó tí a fi ń dí oòrùn lókè gíláàsì iwájú. Texas gbà kí èèyàn fi ti orí fóònù hàn, ṣùgbọ́n fóònù ṣòro láti ṣí nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, bébà kì í sì í bèèrè nọ́ńbà àṣírí. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń fi ìbọn sínú pigeon hole, ẹ má fi ìwé kankan sí ibẹ̀ mọ́ láéláé. Ṣíṣí tí ẹ bá ṣí i láti mú ìwé ìnṣọ́ránsì, ìbọn ni yóò kọ́kọ́ wo ọlọ́pàá lójú.

Nígbà tí iná pupa àti búlúù bá wá ń ṣẹ́jú lẹ́yìn, ẹ tan tíráfíkétọ̀ ọ̀tún kó lè mọ̀ pé ẹ ti rí òun. Ẹ dín eré kù, ẹ wá ibi tó fẹ̀ lápá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ pé orí fríwéè ni, tí ibẹ̀ há, ẹ tan iná kílọ̀kílọ̀ méjèèjì kí ẹ sì rọra máa lọ sí ibi ìyọ́jáde tó súnmọ́ jù. Ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná inú mọ́tò bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀. Bí gíláàsì yín bá dúdú, ẹ sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárìn, lókè, ìka ní yíyà. Kó dúró síbẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe kan tí kò jọ àṣìṣe: wọ́n á yára tú bẹ́líìtì ìjókòó, kí wọ́n lè rí wọ́lẹ́ẹ̀tì yọ kí ọlọ́pàá tó dé. Ẹ jókòó sórí àga kí ẹ dán an wò. Ibi tí wọ́n ti ń tú bẹ́líìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ọ̀tún. Bí ọwọ́ bá lọ síbẹ̀, ìgbúnwọ́ á yọ sẹ́yìn, èjìká ọ̀tún á sì rẹlẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn kò rí bẹ́líìtì. Èjìká tó rẹlẹ̀ ló rí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni èjìká ẹni tó ń yọ ìbọn ṣe máa ń rí. Ẹ jẹ́ kí bẹ́líìtì wà lára.

Ó ti dé ojú fèrèsé báyìí. Ẹ kí i, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ kó tó bèèrè ìwé tàbí kété tó bá ti bèèrè, kí ọwọ́ tó kúrò níbi tó wà. Nítorí pé èdè Òyìnbó ni yóò gbọ́, gbólóhùn tí a ń kọ́ wọn nìyí: “Officer, I have a handgun license and I am carrying today. My hands will stay here. What would you like me to do?” Ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má pariwo. Ìdí wà tí láísẹ́ńsì fi ṣáájú níbẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “I have a gun” ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́, ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá, ọlọ́pàá kejì wà lápá ibi ìjókòó èrò. “Gun” nìkan ni yóò gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì ni àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn fi ń ké síra wọn nígbà tí ikú bá dé tòsí. Ẹ jẹ́ kí láísẹ́ńsì gbà á níwájú. Ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì lè sọ pé òun ní ìbọn ìléwọ́ tó bófin mu lára òun, kó sì fi ìyókù gbólóhùn náà tẹ̀ lé e bó ṣe wà.

Ó lè bèèrè pé níbo ló wà. Ẹnu ni kí ẹ fi dáhùn: ìbàdí ọ̀tún, nínú akọ̀. Ẹ má fi ìka júwe, ẹ má gbé ẹ̀wù sókè kó lè rí i. Àwa Yorùbá, ọwọ́ wa kì í gbélẹ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní láti gbélẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bó bá wá ní kí ẹ mú láísẹ́ńsì wá, ẹ sọ ibi tó wà kí ẹ tó lọ síbẹ̀: “Ó wà ní àpò àyà mi lósì, ṣé kí n mú un?” Ẹ dúró kó dáhùn. Ẹ lo ọwọ́ kan, kí èkejì wà lórí sítíárìn. Bí ọlọ́pàá méjì bá ń pàṣẹ méjì tó tako ara wọn, tí ọ̀kan ní kí ẹ má mira, tí èkejì ní kí ẹ mú ìwé wá, èyí tó ní kí ẹ má mira ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì fi ẹnu bèèrè èwo ni kí ẹ ṣe.

Ó lè gba ìbọn náà lọ́wọ́ yín. Abala 411.207 fún un láyè láti gbà á lọ́wọ́ onílàísẹ́ńsì bó bá gbàgbọ́ pẹ̀lú ìdí pé ààbò òun, tiyín tàbí ti ẹlòmíràn béèrè fún un, kó sì dá a padà kó tó ní kí ẹ máa lọ, àfi bó bá fi òfin mú yín. Ó tún lè ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ìdí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti gbà wọ́n láàyè láti ọdún 1977 nínú ẹjọ́ Pennsylvania àti Mimms. Bó bá ní òun fẹ́ gba ìbọn, ẹ má bá a yọ ọ́. Ẹ má ní kí ẹ bá a tú ọta rẹ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun tìkára rẹ̀ yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dá a padà ní yíyọ, ìbọn lọ́tọ̀, ọta lọ́tọ̀, á ní kí ẹ fi sínú bọ́ọ̀tù. Ẹ má ki ọta padà títí mọ́tò rẹ̀ yóò fi kúrò lójú yín. Bó bá ní òun fẹ́ yẹ inú mọ́tò wò, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ kò gbà. Ẹnu nìkan ni kí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá yẹ̀ ẹ́ wò náà, ẹ má dí i lọ́wọ́. Nọ́ńbà ara aṣọ rẹ̀, aago tó jẹ́ àti ohun tó sọ, ilé ni kí ẹ ti kọ wọ́n sílẹ̀ fún lọ́yà. Ojú títì kọ́ ni kóòtù.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní: “Ẹni tó sọ òótọ́ kò ní nǹkan bẹ̀rù.” Ẹ dákun, ẹ rántí Philando Castile. Ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2016, ní Falcon Heights, ìpínlẹ̀ Minnesota, ọlọ́pàá dá mọ́tò rẹ̀ dúró, ó ní iná bíréèkì rẹ̀ kò tàn. Castile ní ìwé àṣẹ ìbọn. Ọlọ́pàá bèèrè láísẹ́ńsì ìwakọ̀ àti ìnṣọ́ránsì. Ó na ìnṣọ́ránsì sí i, lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé òun ní ìbọn lára. Ọlọ́pàá ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó ní òun kò yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀méje ni ọlọ́pàá náà yìnbọn sí i, ó sì kú. Obìnrin rẹ̀ àti ọmọ obìnrin náà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin wà nínú mọ́tò. Lọ́dún 2017, ìgbìmọ̀ adájọ́ dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀.

A kò sọ pé Castile jẹ̀bi. Òfin Minnesota kò tilẹ̀ ní kó sọ ọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Ìwà ọmọlúàbí ló mú un sọ ọ́. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni bí àṣẹ ṣe pàdé ara wọn níbẹ̀. “Mú láísẹ́ńsì wá” ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì dáhùn rẹ̀ tán, “má fọwọ́ kàn án” sì dé bá a. Láísẹ́ńsì àti ìbọn jọ wà lára rẹ̀, ẹni tó sì wà níta kò lè mọ èyí tí ọwọ́ ń wá. Bí ọ̀rọ̀ ìbọn bá ṣáájú gbogbo ìwé, tí ọwọ́ sì wà lórí sítíárìn títí wọ́n fi sọ ohun tó kàn, àṣẹ kan ṣoṣo ni yóò wà nílẹ̀. A kò lè ṣèlérí pé ìyẹn yóò mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn ọlọ́pàá tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé àwọ̀ awakọ̀ ló bà á lẹ́rù. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa la ń kọ́ yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ aṣọ. Àwọn olùkọ́ tí kì í ṣe Yorùbá kò lè kọ́ yín ní èyí. Agbádá kì í bá ìbọn ìbàdí rẹ́. Apá rẹ̀ a máa bo ọwọ́ lórí sítíárìn, ọlọ́pàá kò ní rí ìka. Ṣíṣẹ́ agbádá sí èjìká, tí a kì í tilẹ̀ mọ̀ pé a ń ṣe é, ni ọwọ́ fi máa ń kọjá níwájú ìbàdí tí aṣọ sì ń fẹ̀ lójijì. Kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ bọ́ agbádá, ẹ ká a sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ wa mọ́tò pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò. Ẹ óò tún wọ̀ ọ́ bí ẹ bá débẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń fi ìbọn sínú báàgì, inú báàgì kan náà ni láísẹ́ńsì, gíláàsì ojú àti owó wà. Bí báàgì yẹn bá wà lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ọlọ́pàá sọ bí ẹ óò ṣe mú ìwé. Èyí tó dára jù ni kí láísẹ́ńsì má bá ìbọn gbé inú àpò kan náà.

Àwọn tó jókòó pẹ̀lú awakọ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, kí wọ́n má dá sí i. Màmá tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kí ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, torí òun ló máa kígbe pé “Yé! Kí lẹ ṣe?” tí yóò sì máa fa àpò rẹ̀ láti mú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ má máa bá ara yín sọ Yorùbá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lójú ọlọ́pàá, ó máa ń jọ pé ẹ ń gbìmọ̀. Ìbọn oníke tí ọmọdé fi ń ṣeré, bọ́ọ̀tù ni ibùgbé rẹ̀.

Bí ẹ bá sọdá odò Sabine wọ Louisiana lórí fríwéè I-10, òfin ti yí padà. Níbẹ̀, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìbọn tó sì gbé e sára gbọ́dọ̀ fẹnu sọ fún ọlọ́pàá tó bá wá bá a lórí iṣẹ́, kó gbà kí wọ́n yẹ ara òun wò, kó sì gbà kí wọ́n gba ìbọn náà fún ìgbà díẹ̀. North Carolina náà ní kí onílàísẹ́ńsì sọ. Ní Michigan, ojú ẹsẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ yóò san 500 dọ́là, wọ́n á sì fi láísẹ́ńsì rẹ̀ pamọ́ fún oṣù 6. Georgia kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ohio yí tirẹ̀ padà ní oṣù kẹfà ọdún 2022: tẹ́lẹ̀, kó dédé sọ ni, báyìí, àfi bí wọ́n bá bi í. Ẹni tó bá ń lọ sóde ní Maryland, New Jersey tàbí New York, láísẹ́ńsì Texas kò wúlò níbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá fi ìbọn sára dé ibẹ̀, tí ẹ sì fi òótọ́ inú sọ fún ọlọ́pàá, ẹ̀wọ̀n lẹ fi ẹnu ara yín pè. Nílé ni kó wà.

Èyí tó kàn yìí ló ń ba ayé jẹ́ kíákíá nínú wa. Òfin ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn àti ọta léèwọ̀ fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbé, àti fún ẹni tó wà lórí físà tí kì í ṣe ti ìgbé-ayé: físà àbẹ̀wò, ti akẹ́kọ̀ọ́, ti òṣìṣẹ́ H-1B. Àyọkúrò díẹ̀ wà, bí i ti ẹni tó ní láísẹ́ńsì ọdẹ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu olùkọ́ ìbọn gbára lé e, kó lọ bá lọ́yà. Láti ọdún 2022, ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ní Texas, ẹnìkan lè ra ìbọn lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ láìsí ẹni tó yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó sì tún gbọ́ pé “kò nílò láísẹ́ńsì mọ́”. Ó wá sọ fún ọlọ́pàá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun ní ìbọn lára. Kò mọ̀ pé ẹjọ́ ara òun lòun ń rò. Ẹni tó ní green card lè ní ìbọn, ṣùgbọ́n bí kóòtù bá dá a lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn, wọ́n lè dá a padà sílé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yá ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ ní mọ́tò, kó kọ́kọ́ gbọn mọ́tò náà wò, kó yọ ìbọn, kó yọ ọta tó yí sábẹ́ ìjókòó pẹ̀lú. Ẹyọ ọta kan náà wà lábẹ́ òfin yẹn.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni wákàtí kan nínú ìpàdé yín, kó tó di àsìkò òde ìparí ọdún. A kì í gba owó lórí rẹ̀. Àga mẹ́rin ni kí ẹ bá wa tò ní méjì-méjì bí ìjókòó mọ́tò, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kan àti ibi tí a ti lè pa iná. Ìbọn rọ́bà aláwọ̀ búlúù tí kò lè yìn la óò mú wá, kí ẹnikẹ́ni má gbé tirẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó máa ń wọ agbádá wọ̀ ọ́ wá. Ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jókòó pọ̀ sórí àga wọ̀nyẹn, kí ìyàwó náà gbọ́ gbólóhùn tí ọkọ yóò sọ, kí ọkọ sì gbọ́ ti ìyàwó. Ẹni mẹ́fà-mẹ́fà la óò máa mú, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta: lójú iná, nínú òkùnkùn, àti nígbà tí ẹlòmíràn ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ní ìbéèrè nípa físà, kí wọ́n má bi wá lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ bá wa wá lọ́yà ìwọ̀lú kan tí yóò jókòó sí yàrá kejì.

Àwa ni,
àwọn olùkọ́ láísẹ́ńsì ìbọn tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, agbègbè Houston